Àpò Ọkàn Tí Ó Ń Wú Léraléra

Àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó bo ọkàn. Bí ó bá wú, àyà a máa dun aláìsàn. Ìrora náà lè lọ, kí ó tún padà. Ní 2011, ìwádìí kan ní Ítálì fi hàn pé fífi colchicine kún ìtọ́jú fún oṣù 6 dín ìpadàbọ̀ rẹ̀ kù láti 55 sí 24 nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn.

Ṣùgbọ́n ikọ́ ife ni ó sábà ń fa wíwú yìí nílẹ̀ Áfíríkà, colchicine kì í sì í pa kòkòrò rẹ̀. Orúkọ àìsàn náà lè ṣini lọ́nà: ó lè wọ àpò ọkàn láìsí pé aláìsàn ń wúkọ́. Nítorí náà, ní Chanchaga bí ti ibòmíràn, àyẹ̀wò ni kí ó ṣáájú oògùn.