Ọ̀rọ̀ Àwọn Ọmọ Tí Kì í Di Ìgbànú

Kò sí ìlú kan lábẹ́ ọ̀run tí àwọn ọ̀dọ́ kan kì í ti í kẹ̀yìn sí àṣà àwọn bàbá wọn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan lè kẹ̀yìn sí ilé nítorí pé òrùlé ń jò, tí ó sì fẹ́ kí a tún un ṣe. Ẹlòmíràn a kẹ̀yìn sí i nítorí pé kò fẹ́ gbálẹ̀ níbẹ̀. Ó yẹ kí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ní Abúlé Ẹ̀gbá, Agége àti Ìkẹjà mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a wo Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1967, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ tí a ń pè ní hippie ya wọ San Francisco. Wọ́n dá irun sí, wọ́n kọ ogun Vietnam, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì sọ igbó mímu di iṣẹ́. Ní òdìkejì omi, ní Oakland, Huey Newton àti Bobby Seale ti dá ẹgbẹ́ Black Panther sílẹ̀ ní 1966. Àwọn wọ̀nyí gbé ìbọn, ìjà wọn pẹ̀lú ọlọ́pàá sì ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀, ní 1969, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní oúnjẹ òwúrọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ọdún 1969 yìí kan náà ni Fẹlá, ọmọ Abẹ́òkúta, wà ní Los Angeles, níbi tí Sandra Smith ti là á lóye nípa ìjà àwọn ènìyàn dúdú. Nígbà tí ó yá, ó sọ ilé rẹ̀ lójú ọ̀nà Agége Motor Road di ìlú olómìnira, ó pè é ní Kalakuta. A kò sọ pé gbogbo ìwà ibẹ̀ ni kí ọmọ wa kọ́. Ṣùgbọ́n Fẹlá fi orin bá àwọn ológun wí nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé pa ẹnu mọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn sójà dáná sun ilé náà, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kú ní 1978.

Ní ọdún 2019, Naira Marley, olórin tí a bí ní Agége, kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sábẹ́ orúkọ Marlian. Àmì wọn ni pé wọn kì í di ìgbànú. Àwọn àgbà bú wọn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó bèèrè ìdí kò pọ̀. Ọmọ tí ó ń rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó gba ìwé-ẹ̀rí tí kò sì ríṣẹ́ ṣe, kò ṣòro láti sọ fún un pé ìwé kíkà kò wúlò.

Ẹ̀yin olùkọ́, pàṣán kò lè di ìgbànú mọ́ ọkàn ọmọ. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó kọ̀ àti ohun tí ó fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ sọ ìtàn Oakland àti Kalakuta fún un, rere àti búburú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ má ṣe máa bú ọmọ ìgboro látọdúnmọ́dún kí ẹ tún wá máa wá a kiri lọ́sẹ̀ ìdìbò. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí Ìkẹjà àti Agége wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba Olóyè Awólọ́wọ̀ fi ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ pe ọmọ tálákà wọlé. Iṣẹ́ tí ó kù ni kí ẹni tí ó bá jáde níbẹ̀ rí iṣẹ́ ọwọ́ ṣe. Bí a kò bá ṣe é, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.