Wọ́n lé àwọn agbaninímọ̀ràn síta, wọ́n fẹ̀rọ rọ́pò wọn, làṣírí bá tú!

Ẹ̀yin tọ́mọ yín ń kàwé agbaninímọ̀ràn ní yunifásítì, tàbí tẹ́ ẹ̀ ń fiṣẹ́ náà jẹun fúnra yín, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí. Ìbéèrè tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn báyìí ni pé ṣé ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní AI kò ní í gbaṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àlá o. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, lọ́dún 2023, nílẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ẹgbẹ́ kan wà lọ́hùn-ún tó ń jẹ́ National Eating Disorders Association, NEDA ni wọ́n ń gé e kúrú sí. Àwọn tí àìsàn oúnjẹ ń bá fínra ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Kì í ṣe pé àwọn yìí ò rówó ra oúnjẹ o. Àwọn kan ń febi pa ara wọn torí wọ́n gbà pé àwọn ti sanra jù, bẹ́ẹ̀ eegun nìkan ló kù lára wọn. Àwọn mìíràn á jẹ àjẹjù tán, wọ́n á tún lọ fipá bì í. Àìsàn tó ń pààyàn ni.

Ó lé lógún ọdún tí ẹgbẹ́ yìí fi ní nọ́ńbà tẹ́nikẹ́ni lè pè. Lọ́dún 2022 nìkan, nǹkan bí 70,000 èèyàn ló kàn sí wọn. Ẹ wá gbọ́ iye àwọn tó ń gbowó oṣù nídìí iṣẹ́ yẹn: mẹ́fà péré, pẹ̀lú ọ̀gá bíi mélòó kan. Àwọn bí 200 yòókù, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é.

Nígbà tí iṣẹ́ wọ̀ wọ́n lọ́rùn, àwọn òṣìṣẹ́ náà ní àwọn fẹ́ dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Wọn ò bèèrè àfikún owó o. Ẹ fèèyàn kún wa, ẹ fún wa ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Lóṣù kẹta 2023, wọ́n dìbò, wọ́n sì wọlé. Oṣù yẹn ò tíì parí táwọn ọ̀gá fi pè wọ́n pé àwọn máa ti nọ́ńbà náà pa. Wọ́n ní kì í ṣe tìtorí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, wọ́n ní ewu tó wà nínú iṣẹ́ náà ló pọ̀ jù. Ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Tessa, tó ń fèsì ọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ni wọ́n ní káwọn èèyàn máa lò. Bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ tó ṣe Tessa ò fìgbà kan ní kó rọ́pò èèyàn. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ń dènà àìsàn ni wọ́n fi ṣe.

Nígbà tó dìparí oṣù karùn-ún, obìnrin kan tí àìsàn náà ti bá jà rí ní kóun dán Tessa wò. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Ṣe ni ẹ̀rọ náà ní kó máa fi nǹkan bí ìdajì kílò sí kílò kan rù lọ́sẹ̀, kó máa ṣírò oúnjẹ tó ń jẹ, kó sì dín in kù. Ẹni tí àìjẹun fẹ́rẹ̀ẹ́ pa! Epo bẹntiróòlù ni wọ́n dà síná yẹn. Obìnrin náà kó o síta, ariwo ta, ni wọ́n bá yọ Tessa kúrò lọ́jọ́ 30, oṣù karùn-ún. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni wọ́n ti nọ́ńbà náà pa. Kò séèyàn, kò sẹ́rọ.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ìmọ̀ràn yẹn ò burú lọ́tọ̀. Dókítà lè sọ ọ́ fẹ́ni tó sanra. Ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún ni kò yẹ. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Kódà lórí fóònù, agbaninímọ̀ràn tó gbọ́n á mọ̀ bẹ́ni tó ń bá sọ̀rọ̀ bá mí kanlẹ̀, tàbí tó dákẹ́ jù.

Ṣùgbọ́n ẹ má tanra yín o. Ẹ̀rọ kì í sùn, kì í bínú, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn láti máa bá a sọ̀rọ̀ àṣírí. Láti 1966 ni Joseph Weizenbaum ti ṣe irú ẹ̀ kan tó ń jẹ́ ELIZA ní MIT. Akọ̀wé rẹ̀ jókòó tì í, kò pẹ́ tó fi bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó jáde ní yàrá, kóun lè bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀!

Ìdí nìyẹn tí ìpínlẹ̀ Illinois fi ṣòfin lóṣù kẹjọ 2025 pé AI ò gbọdọ̀ dá tọ́jú ọkàn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá rú u lè san tó $10,000. Agbaninímọ̀ràn lè fi ẹ̀rọ ṣètò ọjọ́ ìpàdé àti ìwé àkọsílẹ̀, àmọ́ ìtọ́jú, ọwọ́ ẹni tó níwèé àṣẹ ló gbọ́dọ̀ wà, ẹni tí wọ́n lè mú bó bá ṣìṣe.

Nítorí náà, ẹ kọ́ ẹ̀rọ yìí dáadáa, ẹ jẹ́ kó máa bá yín kọ̀wé. Ẹni tó ń sunkún, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbọ́ tiẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé kì í ṣe Tessa ló lé àwọn èèyàn yẹn. Ọ̀gá tó rò pé ìmọ̀ràn ò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lọ ni. Òun gan-an lẹ́rù ẹ̀ yẹ kó máa bà yín.