Ìyẹ́ Adìyẹ Kì í Ṣe Pàǹtí: Purotéènì Tó Wà Nínú Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Rí I Yọ

Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ohun mìíràn tún wà tí ìyẹ́ kò jẹ́ ká mọ̀, ìyẹn ni ọrọ̀ tó wà nínú ìyẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá dé ìsọ̀ àwọn tó ń pa adìyẹ tà ní Agége tàbí ní Ìkẹjà lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé yóò rí bí wọ́n ṣe ń ri adìyẹ bọ omi gbígbóná, tí wọ́n ń tu ìyẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ń rọ́ ọ sínú àpò. Orí ààtàn ni ọ̀pọ̀ àpò bẹ́ẹ̀ ń lọ. Èyí tó bá sì já sínú gọ́tà, omi òjò ni yóò dí lọ́nà. A kọ àlàyé yìí fún ẹ̀yin tí ẹ ń pa adìyẹ, ẹ̀yin tí ẹ ń sìn ín, àti ẹ̀yin oníléeṣẹ́ ní Ìkẹjà, Ọ̀gbà, Ọ̀rẹ̀gún àti Agége, kí ẹ lè mọ ohun tí à ń dà nù.

Adìyẹ tó wọn kílò 2 máa ń ní ìyẹ́ tó tó gíráàmù 100 sí 140 lára. Bí a bá pa 1,000 irú rẹ̀, ìyẹ́ tó kù nílẹ̀ yóò wọn kílò 100 ó kéré tán. Nínú ìyẹ́ tó ti gbẹ, nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 ló jẹ́ purotéènì kan ṣoṣo tí a ń pè ní kẹ́rátínì. Òun náà ló di irun orí wa àti èékánná wa. Òun ló di ìwo àti pátákò àwọn màlúù tí wọ́n ń pa ní odò ẹran Oko-Ọba ní Agége, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú tiwọn yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ìyẹ́.

Ẹnìkan lè wá béèrè pé, bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ló dé tí a kò kàn lọ ìyẹ́ kúnná kí a dà á sínú oúnjẹ ẹran ọ̀sìn? Purotéènì dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn. Nínú kẹ́rátínì, àwọn okùn náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, imí-ọjọ́ ló sì so ọ̀kan mọ́ èkejì pinpin. Inú adìyẹ, inú ẹja àti inú ènìyàn kò ní ohun tó lè tú ìdè yẹn. Bí ẹranko bá jẹ ìyẹ́ lásán, bó ṣe wọlé náà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò ṣe jáde. Imí-ọjọ́ yìí kan náà ló ń mú kí ìyẹ́ tí a sun máa rùn, ìdí nìyẹn tí sísun ún láàárín ìlú kò fi jẹ́ ojútùú.

Ọ̀nà tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá lókè òkun ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ ni kí wọ́n fi ooru omi tó ní agbára gidi se ìyẹ́ nínú ìkòkò irin tí a dé pa, kí wọ́n gbẹ ẹ́, kí wọ́n sì lọ̀ ọ́. Purotéènì inú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ máa ń tó nǹkan bí ìdá 80 nínú 100. Àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ àti adìyẹ lè fi rọ́pò díẹ̀ nínú ìyẹ̀fun ẹja tàbí ẹ̀wà sóyà tó ń gbówó lórí. Díẹ̀ ni a wí o, nítorí lysine àti methionine tí ẹran ọ̀sìn nílò kò pọ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá sì sè é jù, ó bàjẹ́.

Ọ̀nà kejì ni ti kẹ́míkà, òun ni a sì fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa. A lè fi sodium sulphide tàbí sódà líle yọ́ ìyẹ́ títí yóò fi di omi, lẹ́yìn náà ni a ó ta ásíìdì sí i kí kẹ́rátínì lè sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ó rọrùn lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ásíìdì bá pàdé sodium sulphide, èéfín olóró tí a ń pè ní hydrogen sulphide ló ń jáde. Òórùn ẹyin tó di ọ̀bu ni yóò kọ́kọ́ máa rùn. Bó bá ti pọ̀, yóò pa imú ẹni kú, ẹni náà yóò rò pé ó ti lọ, bẹ́ẹ̀ ó ṣì wà níbẹ̀, ó sì ń pani. Ẹ má ṣe dán an wò nínú yàrá, lẹ́yìnkùlé tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù. Iléeṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ tó ń fa èéfín, tó sì ń tọ́jú omi ìdọ̀tí rẹ̀ kó tó tú u síta, nìkan ló yẹ kó ṣe é.

Ọ̀nà kẹta ló wù wá jù, nítorí kò nílò oró bẹ́ẹ̀, àti nítorí pé àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ti ṣiṣẹ́ lé e lórí. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú erùpẹ̀ tó jẹ́ pé ìyẹ́ ni oúnjẹ wọn. Wọ́n ń pèsè ẹ́ńsáìmù tó ń tú ìdè kẹ́rátínì. Ní 2010, Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbájé Latéèf àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá, Ògbómọ̀ṣọ́, gbé ìwádìí jáde lórí ọ̀kan tí wọ́n rí nínú ilẹ̀ Nàìjíríà, Bacillus cereus LAU 08. Ní 2015, wọ́n tún gbé òmíràn jáde, Bacillus safensis LAU 13. Ẹ́ńsáìmù rẹ̀ ń jẹ ìyẹ́, ó sì tún ń bọ́ irun lára awọ ewúrẹ́. Iṣẹ́ yàrá ìwádìí ni wọ̀nyí. Láti ibẹ̀ dé inú àgbá ńlá iléeṣẹ́, ọ̀nà ṣì jìn díẹ̀. Àwọn oníléeṣẹ́ Ìkẹjà kò jìnnà sí FIIRO ní Òṣòdì, ibùdó ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1956 fún irú iṣẹ́ báyìí gan-an. Ibẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìbéèrè wọn lọ.

Kẹ́rátínì tó mọ́ tó láti wọ inú ìpara irun tàbí ọṣẹ ìfọrun gba owó àti ẹ̀rọ púpọ̀. Oúnjẹ ẹja àti ajílẹ̀ ló súnmọ́ wa jù, nítorí náítírójìn tí irúgbìn ń fẹ́ pọ̀ nínú ìyẹ́.

Èyíkéyìí tí a bá mú, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tu ìyẹ́ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹ́ tútù ní ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ nínú, kò sì pẹ́ tí yóò fi máa jẹrà nínú ooru Èkó. Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ìfun àti ọ̀rá nylon. Ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ ro, kí ẹ sì kó o kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyẹ́ adìyẹ tó kú fúnra rẹ̀ tàbí tó ń ṣàìsàn kò gbọdọ̀ wọ inú àpò yìí rárá: Èkó ni àrùn ọ̀fìnkìn ẹyẹ ti pa ẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní 2007. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ kó ìyẹ́, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó bo imú, kó sì fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ kó tó jẹun.