Kí Ẹyin Tó Dé Inú Ẹ̀rọ

Ẹ̀rọ ìsàba tí àwọn ọlọ́sìn adìẹ ń pè ní ínkúbétọ̀ kì í tún ṣe nǹkan iléeṣẹ́ ńlá nìkan mọ́. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń fi pákó kàn án ládùúgbò, àwọn oníṣòwò ń kó kékeré rẹ̀ wá láti Ṣáínà. Ẹni tó bá rà á á kó ẹyin sí i, á ka ọjọ́ 21, bí òròmọdìẹ tó jáde kò bá sì tó ìdajì ohun tó fọkàn sí, ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, á sì máa wá èyí tó wọ́n jù ú lọ kiri. Èrò tèmi yàtọ̀. Lọ́pọ̀ ilé tí ẹyin kì í ti í pa dáadáa, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kí ẹyin tó dé inú ẹ̀rọ rárá. Ẹyin fúnra rẹ̀, àti àgbébọ̀ òun àkùkọ tó ti wá, ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹ nínú owó àti àmójútó tí à ń dà lé ẹ̀rọ lórí.

Ìtàn fi hàn pé iṣẹ́ ẹ̀rọ kò le tó bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Láti ayé àtijọ́ ni àwọn ará Íjíbítì ti ń pa ẹyin láìsí àgbébọ̀. Aristotle, ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Gíríìkì, ti mẹ́nu bà á ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn pé inú òkìtì ìgbẹ́ ẹran ni wọ́n ń ri ẹyin mọ́ níbẹ̀ títí yóò fi pa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi bíríkì alámọ̀ kọ́ iléru ńláńlá tó ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń fi koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ ẹran dáná sí. Kò sí iná mànàmáná, kò sí tẹmomítà. Òṣìṣẹ́ á mú ẹyin kan, á fi kan ìpéǹpéjú rẹ̀, ara rẹ̀ á sì sọ fún un bóyá ó gbóná jù tàbí kò gbóná tó. Ní 1749, Réaumur, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Faransé, tẹ ìwé jáde lórí iṣẹ́ yìí, ó sì gbìyànjú láti fi tẹmomítà ṣe ohun tí àwọn yẹn ń fi ìpéǹpéjú ṣe. Bí ilé alámọ̀ tó ń jó ìgbẹ́ bá lè pa òròmọdìẹ rẹpẹtẹ, kò sí ìdí tí àpótí tó ní gílóòbù, fáànù àti ohun tó ń tan iná tó sì ń pa á fúnra rẹ̀ fi máa kùnà kìkì nítorí pé owó rẹ̀ kéré.

Ẹ̀rí tó sún mọ́ wa jù wà nínú àwọn ẹyin tí kò pa. Ààtàn ni ọ̀pọ̀ ń dà wọ́n sí lọ́jọ́ kejìlélógún, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló yẹ ká fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ká sì wò. Èyí tí pupa àti funfun rẹ̀ kò ní ẹ̀jẹ̀ kankan nínú, ọlẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀; lọ́pọ̀ ìgbà, àkùkọ kò kan ẹyin náà ni. Èyí tó ní òrùka ẹ̀jẹ̀ nínú, ọlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣùgbọ́n ó kú láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní. Èyí tí ọmọ ti pé, tó ti hu ìyẹ́, tí kò rí ọ̀nà jáde, ọjọ́ mẹ́ta ìkẹyìn ni tirẹ̀ ti bàjẹ́. Àwọn onímọ̀ ti rí i tipẹ́ pé ikú ọlẹ̀ kì í pín dọ́gba lórí ọjọ́ 21: ó máa ń pọ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta sí ìkẹrin, á rọlẹ̀, á tún pọ̀ láti ọjọ́ kejìdínlógún síwájú. Ti ìkẹyìn yìí, ẹ̀rọ àti ẹni tó ń ṣọ́ ọ ló sábà máa ń jẹ̀bi. Ti àkọ́kọ́, àti gbogbo ẹyin tí ọlẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ nínú wọn, ẹ̀rọ tó wọ́n jù lọ láyé kò lè ṣe nǹkan kan sí i.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Ẹyin inú kíréètì tí a ń rà lọ́jà kò lè pa, nítorí àwọn àgbébọ̀ tó ń yé e kò rí àkùkọ rí láyé wọn. Nínú agbo kékeré, àkùkọ kan tí ara rẹ̀ le tó fún àgbébọ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Àgbébọ̀ lè tọ́jú àtọ̀ àkùkọ sínú fún bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá pààrọ̀ àkùkọ ní láti dúró bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dá a lójú pé ọmọ àkùkọ tuntun lòun ń kó sínú ẹ̀rọ. Oúnjẹ náà ṣe pàtàkì ju bí a ti ń rò lọ. Adìẹ lè jẹ oúnjẹ tó tó láti yé ẹyin tí a máa dín jẹ, kí ohun tí ọlẹ̀ máa fi dàgbà má sì tó nínú ẹyin yẹn. Bí fítámìn B2 bá kù díẹ̀ káàtó lára àgbébọ̀, ẹyin rẹ̀ á máa jáde bí ó ti ń jáde, ṣùgbọ́n ọlẹ̀ á máa kú sínú. Adìẹ tó ń rìn káàkiri, tó ń rí ewéko tútù àti kòkòrò jẹ, ń rí lára ohun tí èyí tí a sé mọ́ ilé pẹ̀lú oúnjẹ ẹyọ kan kò rí.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí jù ni ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ẹyin láàárín ọjọ́ tí wọ́n yé e sí ọjọ́ tó wọ ẹ̀rọ, nítorí níbẹ̀ ni ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa ti ń bá wa jà láìsọ̀rọ̀. Ẹyin tí àgbébọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé kì í ṣe òfìfo. Fún bí ọjọ́ kan tó lò nínú ìyá rẹ̀, ọlẹ̀ ti ń dàgbà, ó sì ti di ẹgbẹẹgbàárùn-ún àwọn ẹ̀yà ara tíntìntín kí ó tó bọ́ sílẹ̀. Bí ẹyin bá tutù, ọlẹ̀ á sùn, á dúró de ìgbóná. Ibi tó dára jù láti tọ́jú rẹ̀ ni ibi tí ìgbóná rẹ̀ wà láàárín 15 sí 18°C. Bí ìgbóná bá ti lé ní nǹkan bí 24°C, oorun ọlẹ̀ kì í jinlẹ̀ mọ́. Á máa dàgbà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò ní ní ìgbóná tó tó láti dàgbà bó ṣe yẹ, kò sì ní sinmi. Nínú yàrá ní Ìbàdàn lóṣù Ẹrẹ́nà, ìgbóná ọ̀sán máa ń kọjá 30°C. Ẹni tó bá kó ẹyin jọ sórí àpótí fún ọjọ́ mẹ́wàá nírú yàrá bẹ́ẹ̀, ọlẹ̀ tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu ló ń kó sínú ẹ̀rọ, òrùka ẹ̀jẹ̀ ló sì máa bá níbẹ̀.

Kí wá ni ṣíṣe? Ká má kó ẹyin jọ kọjá ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kódà bí ẹ̀rọ kò bá kún. Níbi tó tutù dáadáa, ọjọ́ méje ló yẹ kó jẹ́ òpin. Fíríìjì kì í ṣe ìdáhùn, nítorí 4°C tirẹ̀ tutù jù, ẹyin tó bá sì ti inú rẹ̀ bọ́ sínú yàrá tó gbóná á làágùn, omi yẹn ló ń fa kòkòrò àrùn wọlé gba ojú ihò wẹ́wẹ́ tó wà lára èèpo. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan láti Jìgáwá, gba ẹ̀bùn Rolex ní 2000 nítorí ìkòkò tó ki bọnú ìkòkò pẹ̀lú yanrìn tútù láàárín wọn, èyí tó ń mú kí ẹ̀fọ́ àti èso pẹ́ láìsí iná. Ọgbọ́n yìí wúlò fún ẹyin náà nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Lásìkò òjò ní apá gúúsù, agbára rẹ̀ kì í pọ̀, ilẹ̀ yàrá tí oòrùn kì í dé ló ṣeé gbára lé. Ẹ gbé ẹnu sóńsó ẹyin kọjú sísàlẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ tí wọ́n yé e sí i lára. Èyí tó bá dọ̀tí jù, ẹ jẹ ẹ́ dípò kí ẹ kó o mọ́ àwọn yòókù.

Bí ẹyin bá ti dára, ohun tí ẹ̀rọ ní láti ṣe kò pọ̀. Òwe ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀: lábẹ́ ìyẹ́ yẹn, àgbébọ̀ ń mú ẹyin móoru, ó ń yí i, ó sì ń dí omi inú rẹ̀ lọ́wọ́ kó má gbẹ ju bó ti yẹ lọ. Nínú ẹ̀rọ tó ní fáànù, 37.5°C ni kó wà, tàbí kó lé díẹ̀. Ẹ yí ẹyin ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, kí ọlẹ̀ má bàa lẹ̀ mọ́ awọ inú èèpo, kí ẹ sì ṣíwọ́ lọ́jọ́ kejìdínlógún. Ọ̀rọ̀ omi ló ń da ọ̀pọ̀ láàmú, nítorí pé ìwé tó bá ẹ̀rọ wá, ojú ọjọ́ ilẹ̀ mìíràn ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìwé ní kí ọ̀rinrin jẹ́ ìdá 50 sí 55 nínú 100 títí di ọjọ́ kejìdínlógún, kó sì tó 65 sí 70 ní ọjọ́ mẹ́ta ìkẹyìn. Lóṣù Òkúdù, bí afẹ́fẹ́ yàrá bá jẹ́ 28°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ 80, bí ẹ̀rọ bá mú afẹ́fẹ́ kan náà gbóná dé 37.5°C, ọ̀rinrin rẹ̀ á bọ́ sí nǹkan bí 47, láìsí ẹ̀kán omi kan nínú abọ́. Ẹni tó bá wá ń rọ omi kún abọ́ lójoojúmọ́ ń ri ọmọ sínú omi ni. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, afẹ́fẹ́ 30°C tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 25 á já sí nǹkan bí 16 nínú ẹ̀rọ, ọmọ á sì gbẹ mọ́ awọ. Ẹ wọn ẹyin lórí òṣùwọ̀n kékeré: ẹyin tó jẹ́ 50 gíráàmù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ti pàdánù bí 6 sí 7 gíráàmù tó bá di ọjọ́ kejìdínlógún. Mo gba òṣùwọ̀n yìí gbọ́ ju nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ lọ.

Ọ̀pọ̀ máa sọ pé iná mànàmáná ni olórí ìṣòro, pé ní orílẹ̀-èdè tí iná ti ń lọ nígbà tó bá wù ú, ẹyin tó dára jù lọ kò ní pa. Òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Àgbébọ̀ fúnra rẹ̀ ń dìde lórí ẹyin lójoojúmọ́ lọ jẹun, lọ mumi, ẹyin á tutù díẹ̀, ọmọ kò sì kú. Ìgbóná àpọ̀jù léwu ju ìtutù lọ: bí inú ẹ̀rọ bá kọjá 40°C fún wákàtí mélòó kan, ọ̀pọ̀ ọlẹ̀ á lọ, bẹ́ẹ̀ inú yàrá wa tó ti gbóná tẹ́lẹ̀ ń mú kí ẹ̀rọ tí iná rẹ̀ lọ pẹ́ kó tó tutù. Ìgò omi gbígbóná nínú ẹ̀rọ àti aṣọ nípọn lórí rẹ̀ máa ń gbà wá là fún wákàtí díẹ̀; bátìrì àti sólà kékeré dára jù fún ẹni tó lówó rẹ̀. Ìyàtọ̀ kan wà o. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn ọmọ inú ẹyin ti ń mú ooru wá fúnra wọn, wọ́n sì nílò afẹ́fẹ́ púpọ̀, nítorí náà ẹ má dí ojú ihò ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń fi aṣọ bò ó. Iná tó lọ fún ọjọ́ kan gbáko máa ń fa àdánù tòótọ́, n kò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ilé tí iná rẹ̀ kò lọ púpọ̀ náà ń fọ́ ẹyin olórùka ẹ̀jẹ̀.

Àtakò kejì lágbára jù ú lọ: kí ló dé tí a ò fi ra ọmọ adìẹ ọlọ́jọ́ kan, tàbí ká jẹ́ kí àgbébọ̀ sàba ara rẹ̀? Fún ẹni tó fẹ́ sin adìẹ ẹlẹ́yin tàbí adìẹ ẹlẹ́ran títà, kó lọ ra ọmọ. Adìẹ àgíríkì wọ̀nyí jẹ́ àmúlùmálà ìran mélòó kan, ọmọ wọn kì í jọ wọ́n, ìdajì ohun tó máa pa yóò sì jẹ́ akọ. Kò sí ìgbóná ẹ̀rọ tàbí ìrísí ẹyin tó lè yí ìyẹn padà, ohun yòówù kí àwọn èèyàn máa sọ. Ẹni tó ní àgbébọ̀ méjì péré náà, kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Ẹ̀rọ ilé wúlò fún ẹni tó ní àgbébọ̀ ìbílẹ̀ bíi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀. Àgbébọ̀ ìbílẹ̀ máa ń yé bí ẹyin 10 sí 15, á sàba fún ọjọ́ 21, á sì tún máa tọ́ ọmọ kiri fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láìyé. Bí a bá ń kó ẹyin rẹ̀, tí a kò jẹ́ kó sàba, kì í pẹ́ kó tó padà sẹ́nu yíyé. Ohun mìíràn tún wà tó jẹ mí lógún: òpìpì, àti adìẹ tí kò ní ìyẹ́ lọ́rùn, tí ara wọn gba ooru ilẹ̀ wa ju ti àgíríkì lọ, iléeṣẹ́ ńlá kì í sábà pa wọ́n tà. Àwọn olùwádìí yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta mọ iyì adìẹ ìbílẹ̀, òun ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ìran FUNAAB Alpha. Bí a kò bá fẹ́ kí ìran wọn run, ọwọ́ àwọn onílé tó ń yan àkùkọ àti àgbébọ̀ ni iṣẹ́ náà wà.

Yíyàn yẹn gbọ́dọ̀ ti inú agbo tí ara rẹ̀ dá wá, nítorí àrùn tí Salmonella Pullorum ń fà ń gba inú ẹyin wọ ara ọmọ, ẹ̀rọ kan ṣoṣo sì lè fọ́n ọn ká gbogbo ẹyin tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ fọ ẹ̀rọ tó mọ́, kí ẹ sá a gbẹ. Nígbà tí ọmọ bá ń sọ èèpo, ẹ má ṣí ẹ̀rọ, ẹ má sì bá a bó o. Ó lè gba wákàtí 12 sí 24, ẹ̀jẹ̀ àti pupa ẹyin tí kò tíì fà tán sínú ń bẹ lára rẹ̀. Pupa yẹn ló lè gbé e ró fún bí ọjọ́ méjì láìjẹun, nítorí náà kò sí ìkánjú. Ẹ kó wọn lọ sábẹ́ ìgbóná tó tó 32 sí 35°C ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ àrùn lùkúlùkú ló kù. Àjẹsára tí a ń kán sójú ọmọ ọlọ́jọ́ kan wà, iléeṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ẹran ní Vom ní ìpínlẹ̀ Plateau ń ṣe é, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìgò kan ju èyí tí ogún òròmọdìẹ nílò lọ fíìfíì, bí a bá sì ti pò ó, kò ṣeé tọ́jú di ọ̀la. Àwọn aládùúgbò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ní ẹ̀rọ lè fi ẹyin sí i lọ́jọ́ kan náà, kí òròmọdìẹ wọn jáde pọ̀, kí wọ́n sì dáwó ra ìgò kan.