Ọmọ yín ń kàwé geerege, àmọ́ ṣé ohun tó ń kà yé e?

Inú òbí wo ni kì í dùn tó bá gbọ́ tí ọmọ ẹ̀ ń ka ìwé òyìnbó geerege bí ẹni mumi? Ìyá á máa rẹ́rìn-ín, bàbá á ní owó lẹ́sìnnì tóun ń san ò lọ lásán. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ ọ̀hún, tẹ́ ẹ bi í pé kí ló fà á tí nǹkan tó kà fi rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń wòkè bí ẹni pé wọ́n kọ ìdáhùn sára àjà. Ẹnu ló kàwé, ọpọlọ ò bá a lọ.

Ibi tọ́rọ̀ yìí ti ń dun àwọn òbí jù ni ìdánwò. Nínú ìdánwò èdè òyìnbó tí WAEC ń ṣe, wọ́n máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà, wọ́n á bi í ní ìbéèrè lórí ẹ̀, wọ́n á tún ní kó fi gbólóhùn díẹ̀ sọ kókó inú òmíràn. Ọmọ tó kàn ń há ọ̀rọ̀ sórí ò lè ríbi gbà níbẹ̀, torí pé ìdáhùn mí-ìn ò sí lójú kan. Ìdajì ẹ̀ wà lókè, ìdajì wà nísàlẹ̀, ọmọ fúnra ẹ̀ ló máa so wọ́n pọ̀. Igi kan ò lè dágbó ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni gbólóhùn kan ò lè di àyọkà.

Ká ní ìwé sáyẹ́ǹsì sọ pé orí omi tó dúró sójú kan ni ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí. Lẹ́yìn náà, ó ní ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ẹyin yẹn tó di ẹ̀fọn tó ń fò. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó ní kí wọ́n máa da omi inú ike àti táyà àlòkù nù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bi ọmọ pé ibo ni ẹ̀fọn ń yé ẹyin sí, á dáhùn kíá, ó ṣáà wà nínú ìwé. Àmọ́ ẹ bi í pé, “Kí ló dé tó fi jẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lóṣù?” Ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Ìwé ò sọ ìyẹn jáde. Ọmọ ló máa rò ó pé tí omi bá pé oṣù kan nílẹ̀, ẹyin á ti di ẹ̀fọn, ẹ̀fọn á sì ti fò lọ. Ọmọ tó bá rí ìyẹn sọ, ìwé yé e.

Ọ̀nà àtikọ́ wọn ò le. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké kan wà tó dà bí okùn láàárín gbólóhùn. “Because” ń sọ ìdí, “therefore” ń sọ àbájáde, “however” ń sọ pé ọ̀rọ̀ fẹ́ yí padà. Kí ọmọ mú pẹ́ńsùlù, kó fàlà sábẹ́ wọn, kó sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan so pọ̀. Níbi tí kò bá ti sí okùn, bíi ti ẹ̀fọn yẹn, kó wá èyí tó bá a mu fúnra ẹ̀: ṣé “torí pé” ni àbí “àmọ́”? Tó bá kà á tán, kó pa ìwé dé, kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́.

Àwọn òbí kan á ní àwọn ò gbọ́ òyìnbó tó bẹ́ẹ̀. Ta ló ní òyìnbó ni dandan? Kí ọmọ kà á lóyìnbó, kó ròyìn ẹ̀ fún yín ní Yorùbá, kẹ́ ẹ sì máa bi í pé “kí ló fà á?” “kí ló tẹ̀yìn ẹ̀ yọ?” Ohun táwọn àgbà ń fi àlọ́ ìjàpá ṣe nìyẹn. Ọmọ tó lè sọ ìdí tí ẹ̀yìn ìjàpá fi rí gbágungbàgun ti mọ bí wọ́n ṣe ń so ìdí mọ́ àbájáde. Ó kù kó gbé e wọnú ìwé sáyẹ́ǹsì.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àbá lásán. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tó ti di Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí, bẹ̀rẹ̀ ètò kan nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's, ní Modákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àtàwọn ẹ̀kọ́ yòókù ní Yorùbá, wọ́n wá fún wọn ní olùkọ́ òyìnbó lọ́tọ̀. Ohun tí ìròyìn ètò náà sọ ni pé àwọn ọmọ yìí ò kẹ́yìn sáwọn tó fi òyìnbó kẹ́kọ̀ọ́ láti kíláàsì kẹrin, kódà wọ́n ṣe dáadáa nínú òyìnbó fúnra ẹ̀.

Lọ́dún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àmọ́ nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní òyìnbó ni kí wọ́n máa lò. Èyí ó wù tí wọn ì báà máa lò nílé ìwé, kò sófin tó ní kí ìyá má fi Yorùbá bi ọmọ ẹ̀ léèrè nílé.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lálẹ́ ti tó. Kẹ́ ẹ tó san owó lẹ́sìnnì mí-ìn, ẹ ní kọ́mọ ka ìpínrọ̀ kan péré, kẹ́ ẹ wá bi í pé: “Kí ló fà á?”