Nígbà tí Ẹ̀rọ Awárin Bá Dákẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo mú tọ̀ yín wá dá lórí ohun kékeré kan tó ń gbé inú ohun kékeré mìíràn. Ohun náà ni bátìrì tí ń bẹ nínú ẹ̀rọ àfọwọ́mú tí a fi ń wá irin. Ẹ̀rọ awárin ni n ó máa pè é. Ẹ sì jẹ́ kó yé wa láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bí mo bá wí pé irin, bàbà wà níbẹ̀, idẹ wà níbẹ̀, fàdákà àti wúrà náà wà níbẹ̀.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé, "Tísà, kí ló kan àwa ará Máhìntẹ̀dó nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ awárin?" Ó kàn wá púpọ̀. Ẹni tó bá ti dé pápá ọkọ̀ òfúrufú rí ti rí ẹ̀ṣọ́ tó mú nǹkan bí ọ̀pá pẹlẹbẹ lọ́wọ́, tó ń gbé e gba ara èrò láti èjìká dé ẹsẹ̀. Bí ó bá kan ibi tí kọ́kọ́rọ́ tàbí ọ̀bẹ wà, ẹ̀rọ náà á ké. Àbúrò rẹ̀ kan wà tó kéré jù ú lọ, tó rí bí ṣùkù àgbàdo, tí imú rẹ̀ ṣe ṣónṣó. Èyí ni àwọn tí ń wá owó ẹyọ àti ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀ ní ìlú òyìnbó fi ń mọ ojú ibi gan-an tí nǹkan wà, kí wọ́n má baà hú gbogbo ilẹ̀ tán. Òun náà ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà kan ń lò láti fi wá ìṣó tó fara pamọ́ sínú pákó àlòkù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an nìyẹn. Ní etí omi, pákó kì í tètè di ohun àsọnù. Pákó tó ti ṣe ọkọ̀ rí lè di afárá, èyí tó ti ṣe afárá lè di ògiri ilé. Irú pákó bẹ́ẹ̀ kì í ṣàìní ìṣó nínú. Omi iyọ̀ á ti jẹ orí ìṣó náà, ìdọ̀tí á sì ti dí ojú ihò rẹ̀, tí ojú lásán kò fi ní rí i mọ́. Bí ayùn ẹ̀rọ bá bá a pàdé, eyín ayùn lè ṣẹ́, kó fò, kó sì ba ojú ẹni tí ń la pákó jẹ́.

Ẹ wá wò ó báyìí. Ká ní gbẹ́nàgbẹ́nà kan fẹ́ la pákó àlòkù. Ó tan ẹ̀rọ awárin, ó gbé e gba orí pákó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ kò ké. Kí ni ìdákẹ́ yẹn ń wí? Ó lè máa wí pé, "Kò sí irin níbí." Ó sì lè máa wí pé, "Ebi ti pa mí, n kò lè fọhùn mọ́." Ìdákẹ́ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ méjì ló ní. Bí bátìrì tọ́ọ̀ṣì bá kú, òkùnkùn á sọ fún wa lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ awárin tí bátìrì rẹ̀ ti kú jọ ẹ̀rọ awárin tí kò rí nǹkan kan bí ìbejì ṣe ń jọra. Nítorí èyí ni ó fi yẹ kí a mọ ohun tí ń pa bátìrì, àti bí a ṣe ń dá ìdákẹ́ méjèèjì mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú imú rẹ̀ ni wáyà bàbà wà, tí a ká roboto bí ìgbà tí apẹja bá ká okùn ìwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Iná láti inú bátìrì ń sáré lọ, ó ń sáré bọ̀ nínú wáyà yìí, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìsáré yìí ń dá agbára òòfà sílẹ̀ yí imú ẹ̀rọ náà ká. A kò lè fi ojú rí agbára náà, ṣùgbọ́n bí irin kan bá wọ inú rẹ̀, irin náà á dà á rú díẹ̀. Ẹ̀rọ á mọ̀ pé nǹkan ti yí padà, á sì figbe ta.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1881, ẹnì kan yìnbọn lu James Garfield, Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọta ìbọn wọ inú ara rẹ̀, àwọn dókítà kò sì mọ ibi tó dúró sí. Alexander Graham Bell, ọkùnrin tí a mọ̀ mọ́ ẹ̀rọ tẹlifóònù, gbé ẹ̀rọ awárin kan tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́ wá síbi ibùsùn Ààrẹ. Ẹ̀rọ náà dún, ṣùgbọ́n ó dún káàkiri, kò tọ́ka sí ibì kan pàtó. Lẹ́yìn náà ni Bell gbọ́ pé àwọn wáyà irin wà nínú bẹ́ẹ̀dì tí aláìsàn dùbúlẹ̀ lé. Ààrẹ náà kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Józef Kosacki, ọ̀gá ológun ọmọ ilẹ̀ Poland, ṣe ẹ̀rọ awárin tí ológun kan lè dá gbé rìn. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lò ó ní El Alamein ní ọdún 1942 láti wá bọ́ǹbù tí wọ́n rì sínú iyanrìn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, bí bátìrì bá kú lọ́wọ́ irú ológun bẹ́ẹ̀, tí òun kò sì mọ̀.

Ó wá kan oúnjẹ ẹ̀rọ náà. Ẹlòmíràn rò pé bátìrì dà bí korobá tí a pọn iná sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ààrò tí igi ìdáná wà nínú rẹ̀ ni bátìrì jọ jù. Nínú bátìrì tí a ń rà lọ́jà, síńkì ni igi ìdáná. Bí a bá tan ẹ̀rọ, síńkì yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà díẹ̀díẹ̀, ìyípadà yẹn ló sì ń tú iná jáde. Bí síńkì tó wúlò bá tán, iná tán nìyẹn. Ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan, Alessandro Volta, ló fi èyí han gbogbo ayé ní ọdún 1800. Ó to síńkì àti fàdákà tàbí bàbà lé ara wọn, ó fi ohun tó rin fún omi iyọ̀ sí àárín wọn, iná sì jáde. Ẹ ò rí i pé omi iyọ̀ tí àwa ń wà ní ọkọ̀ lójoojúmọ́ jọ èyí tó bí bátìrì! Ní ọdún 1866, Georges Leclanché ti ilẹ̀ Faransé ṣe èyí tó sún mọ́ ti òde òní. Ní ọdún 1886, Carl Gassner ti ilẹ̀ Jámánì rí ọ̀nà tí omi inú rẹ̀ kò fi ní máa dà sílẹ̀, bátìrì gbígbẹ sì dé.

Bátìrì onígun mẹ́rin tó ní orí méjì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ awárin ń jẹ. Wọ́n kọ 9 sí i lára, èyí túmọ̀ sí fóòtì 9. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ẹ bá lè rí inú rẹ̀, ẹ ó bá bátìrì kéékèèké mẹ́fà níbẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 1.5. Ẹ fi 6 sọ 1.5 di púpọ̀, yóò fún yín ní 9. Bí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ti rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan di fóòtì 1, àpapọ̀ wọn kò ju 6 lọ. Iná kò tíì tán pátápátá nínú wọn, ṣùgbọ́n ó lè má tó gbé ẹ̀rọ mọ́. Bátìrì tí rédíò kékeré ṣì lè fi ké fún ìgbà díẹ̀ lè má tó fún ẹ̀rọ awárin rárá. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Báwo ni bátìrì kan ṣe ń pẹ́ tó? Ìṣirò ni. Bátìrì onígun mẹ́rin tó dára, irú èyí tí wọ́n kọ "alkaline" sí lára, máa ń ní nǹkan bí 500 mílíáńpù fún wákàtí kan. Bí ẹ̀rọ kan bá ń jẹ mílíáńpù 25, ẹ pín 500 sí ọ̀nà 25, yóò fún yín ní wákàtí 20. Bí òmíràn bá ń jẹ 50, wákàtí 10 ni. Ìdí nìyí tí bátìrì kan náà, láti inú páálí kan náà, fi ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan ju ẹlòmíràn lọ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ẹ̀rọ awárin kì í dúró de irin kó tó jẹun. Láti ìgbà tí a bá ti tàn án ni wáyà inú imú rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, yálà ó rí irin tàbí kò rí. Bí ó bá ké, ó jẹ díẹ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí ń gbọ̀n lọ́wọ́, ẹ̀rọ kékeré kan ló ń yí nínú rẹ̀, ìyẹn náà ń jẹ. Bí gílóòbù bá wà ní imú rẹ̀, òun náà ń gba tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá gbàgbé ẹ̀rọ yìí ní títàn sínú àpótí irinṣẹ́ lálẹ́ ti fi oúnjẹ ọjọ́ kejì ṣòfò, àfi bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ èyí tó mọ bí a ti ń pa ara ẹni.

Ní ti irú bátìrì tó yẹ kí a rà, mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni olówó pọ́ọ́kú, èyí tí síńkì jẹ́ ìkòkò ara rẹ̀. Bí síńkì náà bá ti ń tán, ìkòkò ń lu nìyẹn. Ìkejì ni "alkaline". Ó wọ́n jù, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ jù, pàápàá nínú ẹ̀rọ tí ń jẹun púpọ̀. Ìkẹta ni èyí tí a lè tún fi iná kún inú rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Ó dára fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, tó sì ní iná nítòsí. Àmọ́, púpọ̀ nínú wọn kì í gbà tó "alkaline" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì máa ń rẹ̀ fúnra wọn bí a bá gbé wọn sílẹ̀ láìlò.

Ní etíkun wa yìí, ọ̀tá mìíràn tún wà, òun ni afẹ́fẹ́ iyọ̀. Ó máa ń jẹ irin pẹlẹbẹ tí orí bátìrì ń kàn nínú ẹ̀rọ. Bí ìpẹtà bá bo ibẹ̀, iná kò ní ráyè kọjá dáadáa, a ó sì máa rò pé bátìrì ti kú nígbà tí kò kú. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún. Bí ẹ kò bá ní lo ẹ̀rọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ yọ bátìrì kúrò kó má baà lu sínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí ìyẹ̀fun lára bátìrì, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án, ó lè jó ara. Ìyọ̀ tún ń ṣe ohun kan: ẹ̀rọ awárin mìíràn lè ké lórí ẹrẹ̀ tàbí iyanrìn tí omi òkun rin, láìsí irin níbẹ̀. Bátìrì kọ́ ló fa ìyẹn o, omi iyọ̀ ni.

Àwọn èèyàn wa a máa sá bátìrì tó rẹ̀ sóòrùn. Irọ́ kọ́ ni pé ó lè ta jí díẹ̀. Ìsinmi àti ooru máa ń jẹ́ kí ìwọ̀nba tó kù nínú rẹ̀ tún jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ iná lẹ́nu kò fi igi kún ààrò. Bátìrì bẹ́ẹ̀ lè ṣe é gbọ́ ìròyìn díẹ̀, kò ṣe é fi ojú ẹni dúró níwájú ayùn. Ẹ má sì ṣe gbé bátìrì sún mọ́ iná láéláé, nítorí ó lè bú.

Báwo wá ni a ṣe ń dá ìdákẹ́ méjèèjì mọ̀? Ó rọrùn, kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ mú ìṣó kan, ẹ tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé ẹ̀rọ sún mọ́ ìṣó yìí, kí ẹ sì kíyè sí bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó nígbà tó ké. Bí iṣẹ́ bá dé àárín, ẹ tún un ṣe. Bí iṣẹ́ bá parí, kí ẹ tó tan ayùn, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Bí ẹ̀rọ kò bá ké mọ́ fún ìṣó tí ẹ mọ̀, tàbí tó di ìgbà tí ẹ bá sún mọ́ ọn jù ti àtẹ̀yìnwá lọ, ẹ má gba ìdákẹ́ rẹ̀ gbọ́. Ẹ pààrọ̀ bátìrì, kí ẹ sì wá pákó náà látìbẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní máa ń ṣe àmì bí bátìrì wọn bá fẹ́ tán, ṣùgbọ́n ariwo ibi iṣẹ́ lè bo àmì mọ́lẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ohun tí a wí nípa ẹ̀rọ awárin yìí kan tọ́ọ̀ṣì apẹja tó ń lọ sójú omi lóru náà: etídò ni kí ó ti tàn án wò, kì í ṣe àárín agbami. Bí bátìrì bá sì ti kú pátápátá, ẹ má jù ú sínú omi tí a ń pẹja nínú rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé fọ́ ọ ṣeré.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ lọ ṣe ìṣirò yìí wá: bí bátìrì bá ní 500, tí ẹ̀rọ ń jẹ 20, tí a sì ń lò ó fún wákàtí 5 lójúmọ́, ọjọ́ mélòó ni yóò gbé? Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dàbọ̀ o.