Bí Laptop Yín Bá Ti Dàgbà, Ẹ Ṣọ́ Ibi Tí Ẹ Ti Ń Gba Browser

Laptop tí mo fi ń kọ ìròyìn ti dàgbà: Windows 7 ló wà lórí ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, Chrome bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́ fún mi. Mo jókòó sílé ní Igbona níbí, mo wá browser àtijọ́ lórí Google, mo sì gba èyí tó kọ́kọ́ yọjú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ẹnìkan wọ inú ímeèlì mi, ó ń fi orúkọ mi tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kó má bàa ṣe ẹ̀yin náà.

Microsoft jáwọ́ nínú àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 7 ní January 14, 2020. Chrome 109, tó jáde ní January 2023, ló kẹ́yìn tó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 7 àti 8.1. Ti Firefox ni 115 ESR, tó jáde ní July 2023. Mozilla tẹ̀síwájú láti máa dí ihò ààbò 115 ESR fún ìgbà kan lẹ́yìn tí Chrome ti jáwọ́, nítorí náà òun ni mo yàn.

Báyìí ni mo ṣe ń gbà á:

1. Ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ archive.mozilla.org. Bí ojú ìwé kan bá ṣàdédé yọ, tó ní "browser rẹ ti gbó, tẹ ibí", ẹ tì í pa. Ọgbọ́n olè ni.

2. Kí ẹ tó ṣí fáìlì náà, ẹ fi right-click sí i, ẹ lọ sí Properties, kí ẹ wo Digital Signatures. "Mozilla Corporation" ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ pa á rẹ́.

3. Ẹ yí orúkọ fáìlì náà sí firefox.exe. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ cd Downloads, lẹ́yìn náà: certutil -hashfile firefox.exe SHA256. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 ló máa jáde, bí ìtẹ̀ka ni. Ẹ fi wé èyí tó wà fún fáìlì yín nínú SHA256SUMS, tó wà nínú fódà ẹ̀dà yẹn ní archive.mozilla.org. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, ẹ má fi sórí kọ̀ǹpútà.

Pé fáìlì náà jẹ́ ojúlówó kò sọ browser àtijọ́ di tuntun o. Èmi ò fi laptop yìí ṣe nǹkan báńkì mọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.